BÍÌLÌ TÓ JU OMI TÍ A MU LỌ

Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ fún àwọn ìdílé nínú ìpàdé wa ní Ìpetumodù

Ibi kíkà: Ẹ́kísódù 21:28-36, Léfítíkù 19:35-36, Lúùkù 18:1-8, Róòmù 13:7

  

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kì í sábà dé orí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ bíìlì ni. Kí ni onígbàgbọ́ yóò ṣe nígbà tó ń yálé gbé, tí omi ń jò níbì kan nínú ilé náà, tí bíìlì sì dé ní ìparí oṣù tí iye rẹ̀ mú orí fò ó? Ṣé kí ó san án tomijé-tomijé ni? Ṣé kí ó bá lánlọ́ọ̀dù wọ̀jà ni? Àbí kí ó wá ẹni tí yóò bá a fi wáyà fo mítà lóru? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti da ilé púpọ̀ rú. Ó ti sọ àwọn tó jọ ń kọrin ìyìn nínú ìjọ kan náà di ẹni tí kì í kí ara wọn láàárọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: ẹni tó kọ bíìlì ń béèrè owó lọ́wọ́ yín, kò tíì dá yín lẹ́jọ́. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́, níwájú Ọlọ́run àti níwájú òfin, láti béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò iye yẹn, àti ẹni tó yẹ kó san án. Kí ẹ béèrè pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ béèrè pẹ̀lú ẹ̀rí, kí ẹ sì béèrè nínú ìwé.

BÍ OMI ṢE Ń DI OWÓ INÁ LỌ́DỌ̀ WA

Ìlú ìkòkò ni Ìpetumodù. Láti ìgbà àwọn ìyá wa àgbà ni wọ́n ti ń mọ ìkòkò omi níhìn-ín, tí wọ́n ń gbé e lọ tà ní ọjà káàkiri. Ẹni tó mọ ìkòkò rà kì í kàn sanwó kó gbé e lọ. Yóò fi ìka kàn án, yóò sì tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, nítorí èyí tó ti sán kì í dún bí èyí tó gún régé. Irú ọgbọ́n yẹn ni ẹ máa lò sí bíìlì. Ẹ kàn án wò kí ẹ tó tú àpò.

Ní àwọn ìlú mìíràn, mítà omi ló ń ka omi tó wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Bí páìpù bá jò, owó omi ni yóò fò sókè. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, kànga àti kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Pọ́ǹpù ló ń fa omi wá sínú táǹkì, iná ló sì ń mú pọ́ǹpù ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí omi bá ń jò, owó iná ni yóò kọ́kọ́ ké. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ń bínú sí àwọn oníná, tí wọn kò mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Pọ́ǹpù tí wọ́n kọ 1 HP sí lára ń jẹ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yúníìtì kan ní wákàtí kan, ó kéré tán. Ká ní bọ́ọ̀lù inú táǹkì tó yẹ kó dí ẹnu omi nígbà tí táǹkì bá kún ti bàjẹ́, tàbí páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti là, tí pọ́ǹpù wá ń fi wákàtí 3 ṣiṣẹ́ àṣedànù lójoojúmọ́. Wákàtí 90 nìyẹn lóṣù, yúníìtì 67 àti àbọ̀. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ náírà 200, náírà 13,500 ti ṣàn lọ sínú ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi wẹ̀, kò sì fi sebẹ̀. Nígbà tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 pé kí àwọn oníbàárà ìsọ̀rí A máa san náírà 225 fún yúníìtì kan, ó hàn sí gbogbo ayé pé omi tó ń kán tó-tó-tó kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò dá mọ́.

Owó yìí ni yóò wá di ti gbogbo ilé. Opó tó ń gbé yàrá kan, tí gílóòbù kan àti fáànù kan ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn yóò ní kó mú ìdá kan nínú mẹ́jọ wá. Bí ó bá ní òun kò lò tó bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní aláàìgbọràn ni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ bíìlì fi jẹ́ ọ̀rọ̀ òdodo. Léfítíkù 19 kọ́ wa pé Olúwa fẹ́ ìwọ̀n tó tọ́ àti òṣùwọ̀n tó tọ́. Mítà pẹ̀lú òṣùwọ̀n ni. Ìwé ìdáwó inú ilé náà òṣùwọ̀n ni.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ ẸNI TÍ Ẹ BÁ NÍ Ẹ̀JỌ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bíìlì gíga méjì ló wà, ọ̀nà wọn kò sì jọra.

Èkínní ni ti ilé tó ní mítà tí à ń ra káàdì sí. Bí omi bá jò nínú irú ilé yìí, lóòótọ́ ni yúníìtì yẹn jó. Ilé-iṣẹ́ iná tà á, pọ́ǹpù jẹ ẹ́. Ẹ má lọ pariwo ní ọ́fíìsì iná. Àárín ẹ̀yin, onílé, àti àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ni ẹjọ́ wà.

Èkejì ni ti ilé tí kò ní mítà, tí wọ́n ń fojú díwọ̀n bíìlì rẹ̀, èyí tí aráàlú ń pè ní kíréésì bíìlì. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wọn ohunkóhun. Omi ìbáà jò, omi ìbáà má jò, ẹni tó kọ bíìlì kò rí i. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé omi tó ń jò ló mú bíìlì àfojúdíwọ̀n ga, ẹ ní kí ó fi ìṣirò hàn yín.

Wàhálà bíìlì àfojúdíwọ̀n ti pẹ́. Ó wà nígbà NEPA, ó wà nígbà PHCN, kò sì tán nígbà tí IBEDC gba iṣẹ́ ní agbègbè wa ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2020, NERC pàṣẹ pé ó ní iye yúníìtì tí ilé-iṣẹ́ iná kò gbọdọ̀ kọjá fún oníbàárà tí kò ní mítà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ náà rí i pé àwọn ilé-iṣẹ́ iná 11 ti kọjá ààlà yìí, ó ge owó tó lé ní bílíọ̀nù 10 náírà wọn, ó sì ní kí wọ́n dá ohun tí wọ́n gbà lé padà sínú àkáǹtì àwọn oníbàárà. Àwọn ènìyàn tí kò dákẹ́ ló mú un dé ibẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

TA NI YÓÒ SAN OWÓ OMI TÓ JÒ?

Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 21. Ọlọ́run fún Mósè ní òfin nípa ẹni tó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó. Bí ẹran ẹlòmíràn bá já sínú rẹ̀, ẹni tó ni kòtò ni yóò san án. Ó tún sọ nípa màlúù tó ń kàn. Bí màlúù bá kan ènìyàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ olówó rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún un, tí kò sì so ó, ọ̀tọ̀ pátápátá ni ẹjọ́ náà.

Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yẹn. Onílé ló ni páìpù abẹ́ ilẹ̀, òun ló ni táǹkì àti pọ́ǹpù. Títún un ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ìwé àdéhùn yín bá sọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n onílé tó ń gbé Ìbàdàn tàbí Èkó kò lè mọ̀ pé omi ń jò bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ fún un, tí ẹ sì ní ẹ̀rí pé ẹ sọ ọ́, ẹrù náà ti kúrò lórí yín lọ sí orí rẹ̀. Owó tó bá ṣòfò lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òun ló yẹ kó gbé e.

Òdodo ní ojú méjì o. Bí ọmọ yín bá fi òkúta fọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀yin ni yóò tún un ṣe. Bí ẹ bá rí i pé omi ń jò fún oṣù mẹ́ta, tí ẹ sọ pé kò kàn yín nítorí pé gbogbo ilé ló ń san án, ẹ ti ní ìpín nínú gbèsè náà. Ẹ ka Ẹ́kísódù 22:14 nípa ẹni tó yá nǹkan ọlọ́nǹkan tó sì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi wọ̀n fún yín ni kí ẹ fi wọ̀n fún onílé.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

1. Ẹ wádìí. Ní alẹ́, ẹ fa omi kún táǹkì, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ bẹ gbogbo ilé kí wọ́n ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ fi igi wọn omi, kí ẹ sàmì síbi tó dé. Ẹ padà wò ó láago márùn-ún ìdájí. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, ó ń jò. Bí ẹ bá rí ojú ibi tó ń jò, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 síbẹ̀. Bí ó bá kún ní wákàtí kan, lítà 600 nìyẹn lọ́jọ́ kan, lítà 18,000 lóṣù. Táǹkì onílítà 1,000 méjìdínlógún ni! Bí ilé bá ní mítà, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ àti láàárọ̀.

2. Ẹ sọ fún onílé nínú ìwé. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí i tàbí kí ẹ pè é, nítorí àgbà ni, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ìwé. Ìwé náà kò ní láti gùn. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Bàbá, ẹ kú ilé o, sà. Èmi ni ayálégbé yín ní yàrá kẹta lápá òsì. Ní ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, a rí i pé omi ń jò lábẹ́ táǹkì ẹ̀yìnkùlé. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ń kún ní wákàtí kan. Owó iná oṣù yìí sì fi iye báyìí ju ti oṣù tó kọjá lọ. A bẹ̀ yín, ẹ bá wa wá ẹni tí yóò tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Bí kò bá rọrùn fún yín, ẹ fún wa láṣẹ nínú ìwé kí a tún un ṣe, kí a yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún jókòó lórí owó tó lé yìí. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín.”

Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ pa ẹ̀dà kan mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé jẹ́rìí sí i. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ má pa á rẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba lèmi tó ń bá yín sọ̀rọ̀, mo mọ bí fáìlì ṣe ń rìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa sọnù sínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ìwé tó ní ọjọ́ lórí ń dúró de ọjọ́ ẹjọ́.

3. Ẹ kó bíìlì tàbí rìsíìtì káàdì iná oṣù mẹ́fà jọ. Ẹ tò wọ́n tẹ̀léra. Oṣù tí iye ti fò sókè yóò hàn, ẹ ó sì rí i bóyá ó bá ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò mu.

4. Bí ó bá jẹ́ bíìlì àfojúdíwọ̀n, ẹ kọ ẹ̀sùn lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ iná tó ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Òfin NERC sọ pé bí ẹ bá ń jiyàn lórí bíìlì kan, iye bíìlì tó gbẹ̀yìn tí ẹ kò jiyàn lé lórí ni kí ẹ máa san títí ẹjọ́ yóò fi parí. Nítorí náà, ẹ san ìyẹn, ẹ má jókòó láìsan kọ́bọ̀. Wọn kò sì gbọdọ̀ já iná yín láìkọ́kọ́ fún yín ní ìwé. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gbé e dé ọ́fíìsì tí NERC yà sọ́tọ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà. Òfin iná ọdún 2023 tún gba ìpínlẹ̀ láyè láti dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, bí Èkìtì àti Òndó ti ṣe, nítorí náà àwọn ará wa tó wà níbẹ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ yín lọ. Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú náà wà, láti ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá a sílẹ̀. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá.

5. Ẹ má jí iná. Ẹni tó fi wáyà fo mítà ti sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó ti jàre. Ó lè gba ẹ̀mí ọmọdé inú ilé pẹ̀lú. Róòmù 13:7 ní kí a san ohun tó tọ́ fún ẹni tó tọ́ sí. Ohun tí kò tọ́ ni à ń jiyàn lé lórí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé onígbàgbọ́ kì í béèrè ẹ̀tọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ na Pọ́ọ̀lù láìdá a lẹ́jọ́, ó béèrè bóyá òfin gbà wọ́n láyè. Nígbà tó yá, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Késárì. Opó inú Lúùkù 18 kò ju òkúta, kò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí adájọ́ aláìṣòdodo fi dá a láre.

BÍ A ṢE LÈ PÍN IN NÍNÚ ILÉ

Kí á pín owó dọ́gbadọ́gba kò túmọ̀ sí pé a pín in pẹ̀lú òdodo. Ẹni tó ní fíríìsà tó fi ń ta omi tútù, ẹni tó ń gba aṣọ fọ̀, àti àgbàlagbà tó ń dá gbé, lílò wọn kò dọ́gba. Ẹ jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ yọ owó pọ́ǹpù sọ́tọ̀, kí ẹ pín in ní iye orí tó ń lo omi. Ẹ pín owó iná yàrá ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí oníkálukú ń lò. Ẹni tó ń gba owó jọ gbọdọ̀ fi rìsíìtì hàn. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2011 pàápàá sọ pé onílé tó ń gba owó àwọn ohun àmúlò ilé gbọdọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì ọ̀tọ̀, kí ó sì jíhìn nínú ìwé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Òfin Èkó ni, kò de Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n ìwà tó dára kò nílò kí òfin tó fipá mú wa.

FÚN ÀWỌN ỌMỌ WA TÓ WÀ NÍ ÌLÚ ỌBA

Ọ̀pọ̀ yín ló ní ọmọ tó ń yálé gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Peckham àti níbòmíràn. Lọ́dọ̀ wọn, mítà omi gan-an ló ń ké bí páìpù bá là. Ẹ ka èyí fún wọn lórí fóònù. Ní England, òfin onílé àti ayálégbé ọdún 1985, abala 11, gbé títún páìpù àti ohun èlò omi inú ilé tí a yá fún àkókò kúkúrú ṣe lé onílé lọ́wọ́. Bí páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó wọ ilé bá jò, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ omi máa ń dín bíìlì kù bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sì tún un ṣe kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ ní láti béèrè. Bí wọ́n bá kọ̀, àjọ CCW tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2005 ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà omi lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 1999 ni òfin kò sì ti gbà kí wọ́n gé omi ilé gbígbé nítorí gbèsè. Nítorí náà, kí ẹ̀rù má bà wọ́n débi tí wọn yóò fi lọ yá owó èlé.

FÚN ẸNI TÓ NI ILÉ ÀTI ẸNI TÓ Ń KỌ BÍÌLÌ

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù tó wà láàárín wa, mo mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì ni ọ̀pọ̀ yín fi kọ́lé, owó ilé náà ni ẹ sì fi ń ra oògùn. A kò sọ pé kí ẹ̀yin máa gbé ẹrù aláìbìkítà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé omi ń jò, ẹ má gbà á sí ìwọ̀sí. Títún páìpù ṣe lónìí kò tó owó ìpìlẹ̀ ilé tí omi bá wọ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin tó ń ka mítà, ẹ̀yin tó ń kọ bíìlì, ẹ̀yin tó ń gba owó jọ nínú ilé, Olúwa ń wo ọwọ́ yín. Iye tí ẹ bá fi kún bíìlì ẹnì kan lè jẹ́ owó ìwé ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan sí i kí a tó tún pàdé. Lọ́sẹ̀ yìí, kí ilé kọ̀ọ̀kan wọn táǹkì rẹ̀ lálẹ́ kan, kí ẹ sì wá ọ̀dọ̀ opó tàbí àgbàlagbà kan tí kò lè kàwé, kí ẹ bá a yẹ bíìlì rẹ̀ wò. Bí ó bá nílò ìwé ẹ̀sùn, ẹ bá a kọ ọ́, kí ẹ sì bá a mú un lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Bàbá wa ọ̀run, Ìwọ tó fẹ́ òṣùwọ̀n òtítọ́, kọ́ wa láti san ohun tí a jẹ, kí a sì fi ìwà pẹ̀lẹ́ kọ ohun tí a kò jẹ. Fún àwọn onílé wa ní ọkàn rere, kí o fún àwọn ayálégbé ní ahọ́n tútù. Gbèjà opó àti aláìníbaba ní Ìpetumodù àti ní gbogbo Ifẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí omi tó ń jò da àlàáfíà ilé wa nù. Ní orúkọ Jésù. Àmín.